Owú Tí Sójà Jẹ

Ní ọdún tí ogun ajagungbalẹ̀ wọ Ayọ̀bọ̀, kò sí ẹni tó ń sun oorun àsùnwọra ní Ìfẹ́sowápọ̀. Àdúgbò tuntun ni nígbà náà. Oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n pa run tí wọ́n fi kọ́lé síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà ni wọn kò tíì rẹ́, òmíràn kò ní ju páànù lórí àti aṣọ lójú fèrèsé. Síbẹ̀, inú àwọn tó ni ín dùn sí i. Wọ́n ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn sá fún lánlọ́ọ̀dù kí wọ́n tó lè fi kọ́kọ́rọ́ ti ara wọn ṣílẹ̀kùn.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Julius ló dìde tó ní ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Ilé ẹjọ́ ti dá àwọn onílé láre, ṣùgbọ́n Julius kò ka ìdájọ́ sí. Ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jọ sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n pa tì lẹ́yìn àbàtà, ó sì búra pé òun máa gba ilẹ̀ náà pátápátá.

Ẹni tó kojú rẹ̀ ni Adéríbigbé, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sójà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti ja ogun Làìbéríà dé, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, òun làwọn onílé fi ṣe olórí ogun, wọ́n sì kó àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sábẹ́ rẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ, àwọn obìnrin á gbé ohùn sókè, wọ́n á fi oríkì rẹ̀ kì í: "Àkàndé o! Ọmọ ogun tí ń jí kó tó mọ́! Ẹ̀yin la gbójú lé o!" Sójà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n á rọra rìn títí ìyìn náà á fi tán. Kò sí oúnjẹ tó dùn mọ́ ọn tó ìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n wó ilé Ọlọ́runṣògo ni nǹkan yí padà.

Lílẹ táìsì sí ilẹ̀ ilé onílé ni iṣẹ́ Ọlọ́runṣògo. Aládùúrà ni, wòlíì làwọn ará àdúgbò ń pè é, ó máa ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ ìsìn, kì í sì í wọ bàtà. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ àbàtà jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Julius kọ́kọ́ kó katapílà wá, ilé náà ló kọ́kọ́ kàn. Kí Sójà tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé, bílọ́ọ̀kù ti di erùpẹ̀. Wọ́n lé àwọn jàgídíjàgan náà padà, ṣùgbọ́n ilé ti lọ.

Ọlọ́runṣògo sunkún lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí àwókù, ó fi fìlà rẹ̀ bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Sójà gbá a lẹ́yìn, ó ní kó ṣe ọkàn akin. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pẹ̀lú ẹni tó ń sunkún. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe pẹ̀lú ohun tó rí ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ó ń kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì onípákó tí àwọn aládùúrà ń lò, ó sì rí Ọlọ́runṣògo tó ń jó. Kì í ṣe ijó ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta erùpẹ̀ sókè bí ti ọmọdé.

Sójà dúró lẹ́yìn ọgbà, kò lè kúrò níbẹ̀. "Kí lọkùnrin yìí ń yọ̀ sí ná?" ló bi ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti há a láyà. Òun ní ilé, ó ní ìbọn, ó ní orúkọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ti Làìbéríà dé, kò rántí ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ dùn tí kì í ṣe pé ó ti mutí tàbí pé wọ́n ń yìn ín. Bí ìyìn bá sì dákẹ́, inú rẹ̀ á ṣófo bí agbá. Ẹni tí kò ní òrùlé wá ń jó! Ó wá ìdí rẹ̀ tì. Ó ní bóyá wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i láti ìlú òyìnbó. Ó ní bóyá ọkùnrin náà àti Julius ti mọwọ́ ara wọn. Kò sí èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá dá kún un ni pé Esther, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àdúrà òwúrọ̀ àwọn aládùúrà náà.

"Ó ti dé orí ìyẹn," ni Sójà wí. "Àwa tí à ń lọ sí Onítẹ̀bọmi láti kékeré. Kí lò ń wá lọ síbẹ̀?"

"Bàbá Abraham, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí mo bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ni, ara mi á fúyẹ́. Ẹ̀rù ogun yìí á kúrò lọ́kàn mi."

"Ẹni tí kò nílé lórí ló ń lé ẹ̀rù fún ẹ? Èmi tí mò ń ṣọ́ ẹ ńkọ́?"

Esther kàn wò ó. Ìwò náà dùn ún ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó rí i pé ìyàwó òun mọ̀ pé òun ń jowú, ó sì ń ṣàánú òun.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbààgbà pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji Jibril. Ará Ìbàdàn ni Alhaji, ó ń ta pákó, òun sì ni alága àwọn onílé. Àmúsà bíríkìlà, igbákejì Sójà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀ Command. Julius ti háyà àwọn èèyàn wá láti ìta. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní àwọn máa parí rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Sójà. Ó dìde, ó mú ọ̀pá, ó sì ya àdúgbò náà sórí ilẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wọ Ìfẹ́sowápọ̀: ojú títì, àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n to pákó lé lórí àbàtà. Ó ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lójú títì, kí wọ́n fi òkúta dí i kí katapílà má lè kọjá. Òun àti àwọn akọni díẹ̀ á dúró sórí òkè tó wà láàárín, níbi tí èèyàn ti lè rí ọ̀nà méjèèjì. Ibi tó bá le ni wọ́n á sáré sí.

"Orí pákó ńkọ́?" ni Alhaji bi í. "Ta ló máa wà níbẹ̀?"

"Ọlọ́runṣògo," ni Sójà dáhùn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Alhaji gbójú sókè. "Wòlíì? Wọn ò mọ ìbọn yìn o."

"Fèrè ni wọ́n máa fun, kì í ṣe ìbọn. Àwọn ni wọ́n mọ àbàtà yẹn jù, ilé wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni méjì á tẹ̀ lé wọn. Tí wọ́n bá ti fun fèrè, àwa ti dé."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, kò sì sí ẹni tó lè já a ní koro. Ṣùgbọ́n Sójà nìkan ló mọ ibi tí òótọ́ náà ti ń bọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin náà á lè rẹ́rìn-ín níbi tí ikú bá ti ń wò ó lójú.

Ọlọ́runṣògo, tó jókòó sẹ́yìn, kàn na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní fèrè, jàre. Ẹ ò ṣá ní pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé?"

"Kí fèrè tó dákẹ́, ẹ máa rí mi."

Wọ́n búra kí wọ́n tó túká. Àwọn Mùsùlùmí fọwọ́ lé Kùránì, àwọn Kristẹni fọwọ́ lé Bíbélì, pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá. Ọwọ́ Sójà kò gbọ̀n nígbà tó ń búra. Ó kíyè sí i pé kò gbọ̀n, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé, òjò ń rọ̀. Ariwo sọ lójú títì, ọkọ̀ akẹ́rù ń bú, òkúta ń fò. Sójà àti àwọn tirẹ̀ wà lórí òkè lábẹ́ páànù ilé ìtajà kan. Wọn ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí fèrè fi dún lápá àbàtà.

Àmúsà ti sáré ṣíwájú. Sójà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró!"

"Sójà, fèrè nìyẹn! Ọ̀dọ̀ wòlíì ni!"

"Mo gbọ́. Wọ́n fẹ́ tàn wá kúrò níbí ni. Ẹ dúró, mo ní kẹ́ ẹ dúró!"

Fèrè dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Ọwọ́ Sójà ṣì wà lókè. Òjò ń ṣàn láti apá rẹ̀ wọnú abíyá. Ohun kan nínú rẹ̀ ń sọ pé: kó jó báyìí, ká rí i. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gé lójijì, kò sì dún mọ́.

Ìgbà náà ló tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n sáré dé orí pákó, ìjà náà kò pẹ́. Àwọn jàgídíjàgan rí ìbọn, wọ́n padà sínú àbàtà. Àwọn méjì tó wà pẹ̀lú Ọlọ́runṣògo ti fara gbọgbẹ́, wọ́n ń rá nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọlọ́runṣògo alára kò sí níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wọ́ ọ lọ nìkan ló hàn nínú koríko.

Kò sí ilé kan tó tún wó lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò sì gbé Sójà sókè. "Àkàndé ọmọ ogun!" Ó gbọ́ ọ, ó dúró kó wọ̀ ọ́ lára bó ti máa ń ṣe. Kò wọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mary, ìyàwó Ọlọ́runṣògo, wá sí ilé Sójà. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, Sójà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sáré débẹ̀, tí ẹ lé wọn. Ọlọ́run á san án fún yín."

Sójà sún sẹ́yìn. "Ẹ dìde, ẹ dìde jàre."

"Ọkọ mi wà lọ́wọ́ Jésù. Bó wà láàyè o, bó ti kú o, ọwọ́ Rẹ̀ náà ló wà." Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú omijé yẹn gan-an, Sójà rí ohun tó rí lójú Ọlọ́runṣògo nígbà tó ń jó. Ọkàn obìnrin náà balẹ̀ sórí ohun kan tí Sójà kò rí. Níbẹ̀, níwájú ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ di aláìlọ́kọ, owú tún ta á láyà. Ó wá mọ̀ pé àìsàn lòun ń ṣe.

Nígbà tó yá, Julius pe Alhaji Jibril lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n kúrò ní gbogbo ilé tó wà lápá àbàtà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní rí wòlíì wọn mọ́. Alhaji lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ti ń kó ara jọ, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ ibi tí wọ́n gbé e pa mọ́ sí nínú gbogbo ibùba Julius. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dá lọ.

Sójà dá lọ. Kò sọ fún Esther. Ìbọn pàápàá, kò mú un. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè bóyá ó fẹ́ lọ gba ọkùnrin náà sílẹ̀ ni, tàbí ó fẹ́ lọ wojú rẹ̀, kò ní lè dáhùn. Ó tọ ipa ibi tí wọ́n ti wọ́ ọ lọ gba inú àbàtà nínú oòrùn ọ̀sán, ó rá dé ẹ̀yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n pa tì yẹn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Ọlọ́runṣògo lókè. Kò kọrin. Ó ń gbàdúrà pẹ̀lú ohùn tó ti há, ó ń dárúkọ àwọn ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Sójà gbọ́ "Adéríbigbé," ó gbàgbé ara rẹ̀, ó nàró. Ẹnì kan fi ẹ̀gbẹ́ àdá gbá a lórí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, wọ́n ti dè é mọ́ òpó kan náà pẹ̀lú Ọlọ́runṣògo. Ojúgun ọkùnrin náà ti kán, ó wú bí ọpọ́n.

"Sójà," ni Ọlọ́runṣògo wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ kúkú wá."

"Má rẹ́rìn-ín sí mi!" ni Sójà kígbe. "O ò mọ ẹni tí ò ń rẹ́rìn-ín sí. Mo gbọ́ fèrè. Mo gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀, mo sì dá wọn dúró."

"Mo mọ̀. Mo rí yín láti orí pákó. Mo rí ọwọ́ yín lókè."

Sójà gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Kí n má purọ́ fún yín," ni Ọlọ́runṣògo ń bá a lọ, "mo ṣépè fún yín. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé mi débí, kò sí orúkọ burúkú tí mi ò pè yín. Ẹsẹ̀ ń ro mí, inú ń bí mi, mo ké pe Jésù, kò tú okùn. Ṣùgbọ́n ó wà níbí, bí ẹ ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, mo rí i pé ohun tí Julius lè gbà lọ́wọ́ mi ti tán. Èyí tó kù, kò mọ̀ ọ́n. Ọkàn mi bá balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún yín, tìkọ̀-tìkọ̀ ni o."

"Ohun tó kù yẹn ni mò ń jowú ẹ̀," ni Sójà sọ. "Kì í ṣe ìyàwó mi, kì í ṣe ìyìn. Mo rí ẹ tí ò ń jó, mo fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Tí mi ò bá lè ní in, mo ní kí ìwọ náà má ní in."

"Ẹ̀yin náà! Ṣé èmi ni mo dá a ni? Ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi. Tí Ó bá fún yín ní tiyín, ṣé tèmi máa dín ni? Kì í tán lọ́wọ́ Rẹ̀." Ó fi ìrora yí ẹsẹ̀ padà. "Ẹkún ò sì lé ayọ̀ náà lọ. Ẹ wò mí, mo ti sunkún títí. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé inú ilé kan."

Sójà tẹ orí ba. Ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń lọ kí ìjòyè ló ti ń lọ, tó ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́, tó ń wò bóyá wọ́n rí òun. Lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú àti okùn lọ́wọ́, kò ní ohun tó lè fi ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní, "Jésù, èmi nìyí. Mo ti ta ẹnìkejì mi. Ṣàánú mi." Kò sí ohun ìyanu kan tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó há a láyà kàn tú díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá tú ìgbànú tó ti fún jù, ó sì rí àyè mí.

Kò pẹ́ tí Julius fi gòkè wá, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Olórí ogun wọn rèé! Bàbá, ẹ bá mi bá Alhaji sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kúrò lójú títì, kí n tú yín sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀." Ó tẹ nọ́ńbà, ó gbé fóònù sí Sójà létí.

"Ẹ lè gbà kí ẹ máa lọ o," ni Ọlọ́runṣògo sọ fún un jẹ́jẹ́. "Mi ò ní bínú."

Sójà gbọ́ ohùn Alhaji, ó sì kígbe: "Alhaji! Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àpatì lẹ́yìn àbàtà! Ẹ kó ọlọ́pàá wá! Ẹ má kúrò lójú títì!"

Ìdí ìbọn bà á lẹ́nu, eyín méjì bọ́. Ìyà tó jẹ tẹ̀yìn ìyẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ti múra tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n máa lọ ni wọn ò mọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti yí ilé náà ká, Àmúsà àti àwọn ọ̀dọ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ lára àwọn jàgídíjàgan sọ ohun ìjà sílẹ̀. Julius gun ọ̀kadà sá lọ, wọ́n sì mú un kó tó dé Command.

Nígbà tí àdúgbò pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji láti dúpẹ́, ìyìn Sójà kò lẹ́gbẹ́. Wọ́n ní ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu fún wòlíì. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ tán. Lẹ́yìn náà ló dìde, ẹnu rẹ̀ tó wú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara, ó sì sọ ohun tó ṣe. Ó sọ ti fèrè. Ó sọ ti ìbúra. Kò fi ogun bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní ẹ̀tàn lòun rò pé ó jẹ́.

Ariwo sọ. Àmúsà tutọ́ sílẹ̀. Esther bojú. Mary dìde, ó jáde, ó sì pẹ́ gan-an kó tó tún kí Sójà. Ọlọ́runṣògo, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àpótí, ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n Alhaji mi orí. Ó ní ìdáríjì wòlíì dára, àmọ́ àwọn ò lè tún fi ẹ̀mí èèyàn sí ìkáwọ́ ẹni tó da ìbúra. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Sójà, wọ́n sì fi Àmúsà sí i.

Bí Àmúsà ṣe bọ́ síta ni àwọn obìnrin gbé ohùn sókè. "Àmúsà o! Akọni! Ẹ̀yin la gbójú lé o!" Sójà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń retí owú náà. Ó mọ̀ pé ó máa dé. Ó sì dé lóòótọ́, ó ta á láyà níbi tó ti máa ń ta á. Ṣùgbọ́n ó kéré. Ó kéré débi pé ó pa á lẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín sókè pẹ̀lú ẹnu tí eyín ti bọ́ níbẹ̀, títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Àmúsà yí padà, ojú rẹ̀ le. "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Àwọn kan ń di yanrìn sápò lójú títì nítorí àwọn èèyàn Julius tó kù níta, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ bá wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ni Adéríbigbé wí. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.